Babatu: Ẹlẹ́ṣin tó kúrò ní etí Niamey, tó di ẹ̀rù ní àríwá Ghana

Ní Niamey, olú ìlú Niger, kò ṣòro láti rí ẹni tí yóò kọ́ ènìyàn ní ẹṣin gígùn. Ìlú náà ní pápá eré ẹṣin tirẹ̀, ẹṣin kì í sì í ṣe ohun àwòyanu lójú ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Olùkọ́ tó kọ́ mi níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò jẹ́ kí n gun ohunkóhun. Koríko ni mo ń gbé, omi ni mo ń pọn, ìgbẹ́ ẹṣin ni mo ń kó. Ìgbà tó rí i pé ẹṣin náà ti mọ òórùn mi ló tó ní kí n gorí rẹ̀, láìsí gàárì.

Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kí oòrùn tó mú. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì kí mi pẹ̀lẹ́. Ó kàn di okùn ìjánu mú títí mo fi dìde, ó sì tọ́ka sí ẹ̀yìn ẹṣin pé kí n padà síbẹ̀. Àwa Yorùbá náà ṣáà máa ń sọ ọ́ pé bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni.

Ọjọ́ kẹta tí mo ti ń gùn ún ló dárúkọ Babatu fún mi. Ó ní N'Dounga ni wọ́n ti bí i, ìlú tó wà ní ìsàlẹ̀ odò Ọya, tí kò jìnnà sí Niamey. Ó ní ẹlẹ́ṣin bíi tirẹ̀ kò tún sí mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Zabarma. Bó ṣe ń sọ ọ́, ènìyàn á rò pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni.

Orúkọ yẹn kì í ṣe tuntun sí mi. Mo ti gbọ́ ọ rí nígbà tí iṣẹ́ rédíò gbé mi dé àríwá Ghana, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ẹ̀rín dá a níbẹ̀. Ní Gwollu, wọ́n mú mi lọ wo ìyókù odi amọ̀ kan tí àwọn baba ńlá wọn mọ yí ìlú ká. Nítorí àwọn akónilẹ́rú tó ń gun ẹṣin wá ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Babatu sì ni orúkọ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ń ṣàlàyé fún mi.

Akọni ni nílé, jàgùdà ni lóko. Ta wá ni Babatu gan-an?

Ọmọ N'Dounga

Mahama dan Issa ni orúkọ rẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Babatu dún bí orúkọ Yorùbá létí, kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ Babátúndé. Nǹkan bí ọdún 1850 ni wọ́n bí i.

Àwọn Zabarma, tí àwọn mìíràn ń pè ní Zarma, ló pọ̀ jù ní ìwọ̀ oòrùn Niger, láti Niamey dé Dosso. Èdè wọn àti ti àwọn Songhay, tí ìjọba wọn gbilẹ̀ ní Gao láyé àtijọ́, igi kan náà ni.

Nígbà tí Babatu ń dàgbà, ayé kò rọgbọ fún wọn. Àwọn Tuareg ń ti àríwá wá kó wọn. Àwọn Fúlàní tó wà lábẹ́ Gwandu àti Sókótó fẹ́ máa ṣàkóso wọn. Zabarma kò ní ọba kan ṣoṣo tó lè kó gbogbo wọn jọ, nítorí náà olúkúlùkù ìlú àti olórí ogun ló ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ẹṣin gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù tí ó lè gbẹ́kẹ̀ lé. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ilẹ̀ wọn, kò sí igbó tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí.

Kò sí ìwé tó sọ fún wa ta ló kọ́ Babatu ní ẹṣin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọmọ ní agbègbè náà kò yí padà púpọ̀, ohun tí olùkọ́ mi fi mí ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan kì í sì í ṣe ìyà lásán. Ọmọ á kọ́kọ́ di ìránṣẹ́ ẹṣin. Á gé koríko fún un, á mú un lọ sódò, á mọ ìgbà tí inú bá ń run ún àti ìgbà tí ó bá ń ṣe gààrù. Lẹ́yìn náà ni yóò gùn ún lásán, kí itan rẹ̀ lè mọ bí eegun ẹ̀yìn ẹṣin ṣe ń lọ.

Gàárì ló gbẹ̀yìn. Gàárì àwọn ará apá ibẹ̀ ga níwájú, ó ga lẹ́yìn, ó ń di ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ mú bí àga. Irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ fẹ̀, etí rẹ̀ sì mú, débi pé òun náà ni wọ́n fi ń gún ẹṣin ní kẹ́ṣẹ́. Ìjánu wọn le. Ọwọ́ tó bá wúwo lórí rẹ̀ á ya ẹnu ẹṣin.

Èyí ló jẹ́ kí olùkọ́ rere máa na ọwọ́ ọmọ kí ó tó na ẹṣin. Ẹni tó máa jagun lórí ẹṣin kò ní ọwọ́ méjì láti fi di ìjánu: ọ̀kọ̀ tàbí idà wà ní ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ lè fi orúnkún àti ìdí sọ fún ẹṣin ibi tó ń lọ. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré nìkan ló máa ń mọ̀ ọ́n débẹ̀. Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, mo ṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Ẹṣin tí wọn kò rówó rẹ̀ san

Kí ló wá gbé àwọn ẹlẹ́ṣin Zabarma dé Ghana? Òwò ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé bí ènìyàn bá ṣe ń sún mọ́ etí òkun ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin ṣe ń ṣòro láti tọ́jú. Eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní tsetse ló ń gbé àrùn tó ń pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ilé fi lágbára ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tí kò sì rí ọ̀nà lọ nínú igbó. Apá òkè ọya ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, wọ́n sì ń rà á léraléra nítorí kì í pẹ́ kú.

Bákan náà ló rí ní Dagbon, ìjọba àwọn Dagomba tí Ya Naa ń ṣàkóso láti Yendi. Àwọn náà mọyì ẹṣin gidi gan-an, ṣùgbọ́n àríwá ni wọ́n ti ń rà á. Lára àwọn tó ń mú ẹṣin wá fún wọn ni àwọn Zabarma.

Aṣáájú wọn nígbà náà ni Alfa Hanno, àlùfáà Mùsùlùmí kan. Ìtàn tí wọ́n ń sọ káàkiri ni pé òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ta ẹṣin fún àwọn ìjòyè Dagbon, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò rí owó san. Wọ́n ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń lọ kó ẹrú ní ilẹ̀ Gurunsi, pé kí àwọn Zabarma bá wọn lọ, kí wọ́n lè gba gbèsè wọn níbẹ̀.

Dagbon náà ní gbèsè tirẹ̀ lọ́rùn. Ọdọọdún ni Asante ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹrú sì wà lára ohun tí wọ́n ń san, títí di ọdún 1874 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Asante.

Gurunsi tí wọ́n lọ kó yìí, orúkọ àpapọ̀ tí àwọn àjèjì fún oríṣìíríṣìí ẹ̀yà ni: àwọn Sisala, Kasena, Nuna àti àwọn mìíràn tí ilẹ̀ wọn wà ní ibi tí ààlà Ghana àti Burkina Faso wà lónìí. Wọn kò ní ọba ńlá. Agboolé ni ìjọba wọn, ọfà olóró sì ni ohun ìjà wọn.

Kò pẹ́ tí àwọn Zabarma fi rí i pé wọ́n mọ iṣẹ́ náà ju àwọn tó pè wọ́n lọ. Lẹ́yìn Hanno, Alfa Gazari ló di olórí, àsìkò tirẹ̀ ni wọ́n sì já ara wọn gbà lọ́wọ́ àwọn Dagomba. Wọ́n dúró sí Kasana, ní ilẹ̀ Sisala, wọ́n ń ṣe ogun tiwọn.

Nígbà tí Gazari kú, Babatu ni wọ́n fi jẹ olórí. Ní àwọn ọdún 1880, kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ láti Wa títí dé etí ilẹ̀ Mossi. Sati, tó wà ní Burkina Faso báyìí, di ibùdó ńlá rẹ̀.

Ohun tí olùkọ́ mi kò sọ

Olùkọ́ mi mọ gbogbo ìtàn ìgboyà Babatu. Ohun tí kò sọ ni ohun tó ń gbé ogun náà ró.

Ẹṣin tó bá kú ní Sati, ẹrú ni wọ́n fi ń ra òmíràn. Láti rí ẹrú, wọ́n nílò ẹṣin. Bó ṣe ń yí po nìyẹn ní ọdọọdún. Ẹ̀gbẹ́ ẹṣin kọ̀ọ̀kan tó lọ sógun, àwọn kan ti kúrò nílé wọn títí láé kí ó tó dé ibẹ̀, àwọn mìíràn sì máa kúrò nítorí rẹ̀.

Ọjà Salaga ní ilẹ̀ Gonja wà lára ibi tí wọ́n ti ń ta àwọn tí wọ́n bá kó. Ẹ ò ní gbàgbé Gonja, nítorí ibẹ̀ ni obì gbànja ti gba orúkọ. Àwọn oníṣòwò tó wá ra obì náà ló ń ra ènìyàn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń jagun, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tí pátákò ẹṣin kò ní rì sínú ẹrẹ̀, tí wọ́n sì ti kó ọkà sí àká. Ogun ẹlẹ́ṣin a máa dé lójijì, a sì yí abúlé ká kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹni tó bá sá jáde sí pápá, kò lè yára ju ẹṣin lọ. Àwọn tó bá kù, wọ́n á dó tì wọ́n títí oúnjẹ àti omi yóò fi tán.

Babatu àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pe ogun wọn ní ogun ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ní apá ìparí àwọn ọdún 1880, wọ́n kọlu àwọn ará Wa, ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn ní Nasa. Ó ṣòro fún mi láti rí ẹ̀sìn nínú ìyẹn.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n dé ni wọ́n ti borí. Agbára ẹṣin ní òpin, àwọn ènìyàn náà sì tètè kọ́ ibi tí òpin ọ̀hún wà.

Ẹṣin kò lè gun àpáta. Ní Sankana, àwọn Dagaaba wọ inú ihò àpáta, wọ́n sì ti ibẹ̀ ta àwọn ẹlẹ́ṣin lọ́fà. Ẹṣin kò lè gun òrùlé. Ilé amọ̀ àwọn Kasena àti Sisala ní òrùlé pẹrẹsẹ tí tafàtafà lè dúró lé, ọfà olóró kan ṣoṣo sì tó láti pa ẹṣin tó ná olówó rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹrú.

Ní Gwollu, odi méjì ni wọ́n mọ. Ti inú yí ilé ká. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn akónilẹ́rú ń gbé àwọn tó lọ sóko àti àwọn tó lọ pọnmi, wọ́n mọ òmíràn tó tún yí oko àti omi wọn ká. Gwollu yìí ni Hilla Limann ti wá, ẹni tó ṣe ààrẹ Ghana láti 1979 sí 1981.

Àwọn Builsa ti Sandema ní tiwọn kò tíì dákẹ́ dòní. Ní oṣù Kejìlá ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Feok. Àwọn ọkùnrin á dé akoto oníwo, wọ́n á gbé ọrun àti apó, wọ́n á jó ijó ogun, wọ́n á sì rántí bí àwọn baba wọn ṣe lé Babatu padà.

Hamaria, ọmọ ilé tó mọ ọgbọ́n ilé

Ogun tó pọ̀ tó ti Babatu kò lè dá lé àwọn ọmọ Zabarma nìkan. Wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ilé wọn sì jìnnà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó ní ilẹ̀ Gurunsi, wọn kò ta gbogbo wọn. Wọ́n mú àwọn kan sọ́dọ̀, wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ ogun, wọ́n sì sọ wọ́n di ọmọ ogun.

Mo ronú nípa èyí dáadáa lórí ẹṣin ní Niamey. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ ní ẹṣin kò lè fi ohunkóhun pamọ́ fún ọ. Bí kò bá kọ́ ọ dáadáa, ẹṣin rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Bó bá sì kọ́ ọ dáadáa, o ti mọ ohun tó mọ̀ nìyẹn.

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ Gurunsi tó dàgbà sínú ogun Babatu ni Hamaria. Ó gòkè títí ó fi di olórí ogun. Ohun tí ìtàn ń sọ ni pé ara rẹ̀ kò gbà á mọ́ bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ tà. Ní àárín àwọn ọdún 1890, ó ṣọ̀tẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ogun tó jẹ́ Gurunsi bíi tirẹ̀ sì tẹ̀lé e.

Babatu kò tíì rí irú ogun bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó ń bá jà mọ ìgbà tí yóò dé, wọ́n mọ ọ̀nà tí yóò gbà, wọ́n mọ bí yóò ṣe to àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀. Òun ló kọ́ wọn.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ìtàn yìí kò ní ṣàì rántí Àfọ̀njá. Àwọn Hausa tó jẹ́ ẹrú ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ń tọ́jú ẹṣin àwọn ìjòyè, ni wọ́n dìde ní ọdún 1817, tí wọ́n sá lọ bá Àfọ̀njá ní Ìlọrin. Àwọn ló di agbára rẹ̀. Nígbà tó sì fẹ́ dá wọn lẹ́kun ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà tàbí méje lẹ́yìn náà, ọwọ́ wọn ló kú sí. Ọ̀yọ́ kò tún rí Ìlọrin gbà padà mọ́. Nínú ìtàn méjèèjì, àwọn tí wọ́n fà lé ẹṣin lọ́wọ́ ni olówó kò ṣọ́.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Hamaria ń gba ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ìbọn dé

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi kúrò lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ń sáré pín ilẹ̀ náà.

Ọ̀gágun Faransé kan, Paul Voulet, gba Ouagadougou ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1896. Ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà, ó ti wà ní Sati níbi tí Hamaria ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn Faransé pè é ní ọba Gurunsi, orúkọ oyè tí kò sí tẹ́lẹ̀. Bí Hamaria ṣe rí ìrànlọ́wọ́ gbà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ tó ń gbà sílẹ̀ ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 1897, Julien Chanoine, igbákejì Voulet, pàdé Babatu ní Gandiogo. Hamaria àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn Faransé. Ẹṣin tó ti ń dẹ́rù ba gbogbo agbègbè náà fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè súnmọ́ ìbọn àwọn ṣọ́jà náà. Ogun Babatu tú ká.

Ó tún kó ìyókù jọ, ó gba ọ̀nà gúúsù lọ, ṣùgbọ́n àwọn Faransé tún bá a ní Kanjaga nínú ọdún kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ibùdó tó kù fún un mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí pé àwọn ará Niger mọ Voulet àti Chanoine ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Ní ọdún 1899, ọdún méjì lẹ́yìn Gandiogo, àwọn méjèèjì kó ṣọ́jà gba ilẹ̀ Niger kọjá, wọ́n ń sun abúlé, wọ́n ń pa tọmọdé tàgbà. Ohun tí wọ́n ṣe ní Birni N'Konni kò ṣeé gbọ́ sétí. Nígbà tí ìjọba Faransé rán ọ̀gágun Klobb láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, Voulet ní kí wọ́n yìnbọn pa á. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ṣọ́jà tiwọn fúnra wọn ló pa òun àti Chanoine.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Niger kan bá gbọ́ pé àwọn wọ̀nyí ló ṣẹ́gun Babatu, ó yé mi ìdí tí kò fi ní bá wọn pàtẹ́wọ́.

Babatu sá lọ sí Yendi, sọ́dọ̀ àwọn Dagomba tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ti kúrò lábẹ́ wọn. Àwọn Jámánì ló wà lórí ilẹ̀ náà nígbà náà. Wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn Dagomba ní Adibo ní oṣù Kejìlá, ọdún 1896, wọ́n sì ti sun Yendi.

Ọdún 1907 ni Babatu kú síbẹ̀. Yendi ni sàréè rẹ̀ wà, àwọn ìran Zabarma sì ṣì wà nínú ìlú náà. Kò padà sí N'Dounga láti fi olórí ogun hàn wọ́n nílé.

Orúkọ tó kù

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Malam Abu kọ ìtàn ogun àwọn Zabarma sílẹ̀ ní èdè Hausa, ó sì fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́. Ìwé rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn òpìtàn mọ bí ogun náà ṣe lọ láti ẹnu ẹni tó sún mọ́ ọn.

Ní Niger, Boubou Hama, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú tó jẹ́ ààrẹ ilé aṣòfin lẹ́yìn òmìnira, kọ ìtàn kan tí Jean Rouch, ọmọ Faransé tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Niger, fi ṣe fíìmù ní ọdún 1976. Orúkọ Babatu ni fíìmù náà ń jẹ́. Kì í ṣe fíìmù tó ń pọ́n ogun lé. Ẹrú kíkó wà nínú rẹ̀ kedere, èyí sì wú mi lórí, nítorí kò rọrùn fún ènìyàn láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn nípa ará ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti fòpin sí ogun ẹrú, àwọn ọmọ Zabarma kò yéé lọ sí Ghana. Ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ni wọ́n ń bá lọ nígbà yẹn. Wọ́n lọ ta aṣọ ní Kumasi, wọ́n lọ ru ẹrù ní Accra. Àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ìlọrin náà wà níbẹ̀, wọ́n ń ta ọjà ní Tamale àti Yendi, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú àwọn Zabarma ní zongo.

Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá àti Zabarma jọ di ẹrù ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àgbà ṣì ń fi ọdún náà ka ọjọ́ orí ọmọ wọn.

Èyí ni mo sọ fún olùkọ́ mi ní ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò ní Niamey. Mo sọ fún un nípa Gwollu pẹ̀lú: nípa odi àkọ́kọ́, nípa odi kejì, àti ìdí tí wọ́n fi ní láti mọ odi yí oko ká. Mo rò pé inú rẹ̀ kò ní dùn sí i.

Ó ń tú okùn gàárì lọ́wọ́, kò sì dá mi lóhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí bí odi náà ṣe ga tó, bóyá ẹṣin lè fò ó.

Mo ní rárá, kò lè fò ó.

Ó mi orí, ó gbé gàárì kúrò lẹ́yìn ẹṣin, ó sì ní kí n lọ fún un lómi.